Ọ́ìlì Dúdú Lójú Ọ̀nà Àwọn Adìẹ Mi

Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni àgbébọ̀ mi fi sàba lé ẹyin mọ́kànlá, kò sì pa ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Mo fún un ní ọjọ́ kan sí i, mo tún fún un ní òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo mú ẹyin kan jáde, mo fọ́ ọ sínú àwo. Òròmọdìẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán: ó ti hu ìyẹ́, ó ti ní àgógó, ó sì ti kú. Mo fọ́ èkejì, ìyẹn kò ju orí àtàǹpàkò lọ kó tó kú. Nígbà tí mo fọ́ ẹ̀kẹrin, mo wo ìka ọwọ́ mi, mo rí i pé ó dúdú, ó sì ń yọ̀. Mo gbé e sí imú. Òórùn ilé mẹkáníìkì ni mo gbọ́.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi ti wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa dé Èkó. A ra ilẹ̀ ní Ìgándò nígbà tí igbó ṣì yí ibẹ̀ ká, a sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan síbẹ̀. Ọkọ mi kò pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó lọ sí ilé rẹ̀ àìkú. Èmi ń gbé ìsàlẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ìyá ọmọ kan tí mo kọ́ ní ìwé kíkà gbé àgbébọ̀ kan wá fún mi nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fi se ọbẹ̀. Mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nílé ìdáná, mo gbé omi kaná, mo wá lọ wá ọ̀bẹ tó mú. Kí n tó padà dé, ó ti yé ẹyin kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dúró tì í, ó ń wò mí. Mo pa iná. Láti ara adìẹ kan yẹn ni gbogbo èyí tí mo ń sìn ti wá. Wọ́n tó méjìdínlógún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò há wọn mọ́. Láàárọ̀ mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á jẹ̀ káàkiri àyíká ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn á sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé.

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, tó gba ẹ̀gbẹ́ kànga tí gbogbo wa ń mu omi rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kòkòrò wà níbẹ̀, bí oòrùn bá sì mú, wọ́n á wa kòtò kéékèèké, wọ́n á máa yí nínú erùpẹ̀. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé ìwẹ̀ wọn nìyẹn. Erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń lé kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò lára. Àmọ́ bí òjò bá dé, ojú ọ̀nà yẹn kan náà á di ẹrọ̀fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, táyà mọ́tò ọmọ mi rì síbẹ̀, àwọn aládùúgbò bá a tì í, ẹrẹ̀ sì ta sí i láṣọ láti orúnkún dé àyà. Ó pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, ó ní òun ò lè fara da á mọ́, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo ilẹ̀ náà.

Mo ní ó dáa. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: kí ohunkóhun tí a bá fi bò ó má pa adìẹ mi lára.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ọkùnrin tó mú wá láti ṣe iṣẹ́ náà ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì gbé téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ dání. Bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ mi ló ń wò, bíi pé èmi ni rédíò tí ẹnì kan gbàgbé láti pa. Síbẹ̀ mo sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, torí mo ti rìn káàkiri kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti rí òpópónà kékeré kan nítòsí Ìkòtún tí wọ́n da ọ̀dà sí, tó jẹ́ pé bó bá di ọ̀sán, adìẹ tó bá gbà á kọjá á máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó tẹ ẹyín iná. Mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe tísà, tó ń gbé ní Gowon Estate. Òkúta gíráníìtì wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí iwájú ilé tirẹ̀, ó mọ́, ó sì rẹwà. Ó gbé adìẹ rẹ̀ kan fún mi kí n wò ó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èépá dúdú wà láàárín rẹ̀, ìdì ọyún sì le lábẹ́ èépá náà. Òkúta tó mú ló gún un, tí ìdọ̀tí sì gba ibẹ̀ wọlé. Ìńtálọ́ọ̀kì, búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò pọ̀ sílẹ̀, dára, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n koríko máa ń hù láàárín rẹ̀, àwọn èèyàn á sì fín oògùn apakoríko sí i. Koríko tútù yẹn gan-an ni adìẹ máa ń ṣá jẹ. Tí a bá sì da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ pátápátá, níbo ni wọn á ti rí erùpẹ̀ wẹ̀? Níbo ni omi òjò á gbà, bí kò bá yà sí ilé aládùúgbò?

Ẹnjiníà fara balẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ mi, ó ní, “Ọ̀gá mi, ọjọ́ tí a bá parí iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kúkú fi àwọn adìẹ yìí se ọbẹ̀.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ mi. Mo ti fi ẹyin àwọn adìẹ yìí bọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó kó padà sílé láti Ìyànà Ìpájà pẹ̀lú báàgì méjì. Kò rántí, tàbí ó rántí tó ń rẹ́rìn-ín náà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, a jọ fẹnu kò pé ilẹ̀ pupa ni wọ́n máa kó wá, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ pupa kò ní gún wọn lẹ́sẹ̀, kò sì ní jó wọn. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú ní balùwẹ̀ ní Èkìtì, mo sì lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo fi àwọn adìẹ sí ọwọ́ ìyàwó ọmọ mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò lè pa eṣinṣin.

Nígbà tí mo dé, iṣẹ́ ti parí. Ojú ọ̀nà náà le, ó tẹ́, kò ku eruku kankan. Ṣùgbọ́n ó dúdú ju ilẹ̀ pupa lọ, òórùn kan sì wà níbẹ̀. Mo bi ọmọ mi léèrè. Ó ní omi tí wọ́n fi tẹ ilẹ̀ ló jẹ́ kó dúdú, ó máa gbẹ. Mo ní òórùn ńkọ́? Ó ní mọ́tò òun ń jo ọ́ìlì díẹ̀, òun máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kì í gba ọmọ tó bí gbọ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àgbébọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Adìẹ tó ń sàba kì í kúrò lórí ẹyin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Á jáde, á jẹun kíákíá, á mu omi, á lọ yí nínú erùpẹ̀, á sì sáré padà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ yí ní etí ojú ọ̀nà náà, níbi tí ẹ̀rọ kò ti tẹ ilẹ̀ le. Ojoojúmọ́ ló ń gbé ohun tó wà níbẹ̀ padà lọ sórí ẹyin. Èmi ń wò ó láti ojú fèrèsé, inú mi sì ń dùn pé ó ṣì rí ibi wẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ keje, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin nínú yàrá ẹrù, mo rí àwọn iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn, mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Ẹ̀mí wà níbẹ̀ nígbà náà.

Bí mo ṣe gbóòórùn ìka mi lọ́jọ́ tí mo fọ́ ẹyin yẹn, mo gbé àgbébọ̀ náà, mo ya ìyẹ́ àyà rẹ̀. Ọ́ìlì ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí irun tí wọ́n fi àdí pa. Àwọn ọlọ́gbọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo ti rí i pé méjì nínú àwọn tó kù ń wúkọ́, àkùkọ kékeré kan sì ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé àrùn ni.

Mo pe ìyàwó ọmọ mi. Mo ní kó wo ọwọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí n tó bi í ní nǹkan kan. Ó ní nígbà tí mo wà ní Èkìtì, eruku ilẹ̀ pupa náà pọ̀, ó ń wọ inú ilé, Ẹnjiníà wá sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán ni wọ́n máa ń dà sí i kí eruku lè wálẹ̀, kí koríko má sì hù. Ó ní gárawà mẹ́rin ni wọ́n kó wá láti Ìdímù. Ó ní òun sọ fún ọkọ òun pé kó dúró de Mọ́mì. Ó ní ọkọ òun ní kí òun má sọ fún mi, pé àgbàlagbà máa ń da ara rẹ̀ láàmú lásán.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Orúnkún mi kì í fẹ́ àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mi ò mọ̀ pé mo ní orúnkún. Mo gbé àwo ẹyin náà ka orí tábìlì tó ti ń jẹun. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, adìẹ lásán ni, màá ra òmíràn fún yín.”

Mo ní, “Adìẹ kọ́ ni mo bá wá. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè lójúkojú, o purọ́ fún mi, nínú ilé tí èmi àti bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ wa po ẹrẹ̀ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó ni kànga wa sí ibi tí o da ọ́ìlì sí?”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní kó dáhùn, nítorí mo ti kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó ní bóyá mẹ́jọ.

“Ta ló ń mu omi rẹ̀?”

Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé àwo mi, mo sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n máa ń ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Ó kéré tán, ẹni tó pa òwe yẹn ní nǹkan tí adìẹ dà nù. Kí ni tèmi dà nù fún wọn?

Ọjọ́ kejì ni mo pe Ẹnjiníà. Ó dé pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, láti Ìkòtún títí dé Ẹgbẹ́dá, pé mi ò lè rí ilé tó ní ilẹ̀ pupa tí wọn ò da ọ́ìlì sí. Ó ní ọ́ìlì yẹn kì í pa èèyàn. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó fẹsẹ̀ lásán rìn láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní àwọn adìẹ mi ń rìn níbẹ̀ látàárọ̀ dálẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní òun ń lọ bá ẹnì kan, òun á padà wá lọ́sàn-án láti kó ilẹ̀ náà kúrò. Kò padà wá. Bí mo bá pè é, fóònù rẹ̀ á dún títí á fi dákẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Mo fẹ́ kí wọ́n kà á léèwọ̀ láti da ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítòsí kànga. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ ní “ọ̀rọ̀ adìẹ Màmá tísà”, wọ́n sì fi sí ìkẹyìn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iná àti ti ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó fi máa kàn mí, ìdajì wọn ti lọ. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi mí bóyá mo ṣì ní àgbébọ̀ tà. Mi ò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì fi pa mọ́.

Ẹni tó gbọ́ mi yé ni bàbá bíríkìlà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé ní ìkángun òpópónà wa. Ó wà ní ìpàdé yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó kanlẹ̀kùn géètì mi. Ó kí mi, ó ní, “Ìyá tísà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò wọ́n ná.” Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ó tó wákàtí méjì tó fi ń wo àwọn adìẹ náà, ibi tí wọ́n ń gbà kọjá, ibi tí wọ́n ń yà sí, ibi tí wọ́n ń wá wẹ̀. Mo gbé omi fún un, ó mu ún, ó ṣì ń wò. Mo fẹ́ sunkún. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wo ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn náà ló ní táyà mọ́tò kì í tẹ gbogbo ilẹ̀, ìlà méjì péré ló ń tẹ̀. Ó ní kí a da kọnkéré sí ìlà méjì yẹn nìkan, kó nípọn, kí a fi ìgbálẹ̀ ha ojú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù kí ẹsẹ̀ wọn má baà máa yọ̀, kí a sì gé etí rẹ̀ róbótó. Àárín méjèèjì, kí a da yanrìn tí a ti fọ̀ síbẹ̀, kó jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn adìẹ á máa wẹ̀, ibẹ̀ náà ni omi òjò á máa rì sí. Ó ní ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ olóòórùn yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, òun ò ní fi yanrìn mímọ́ bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi ló kó o. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì pàṣẹ fún un. Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì níta, mo yọjú, mo rí i tó bọ́ ẹ̀wù, tó ń wa ilẹ̀ náà. Sátidé mẹ́ta ló fi ṣe é. Àpò sìmẹ́ńtì tó dà á sí lé ní àádọ́ta. A ò sì mọ ibi tí a máa dà á sí. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní àwọn ò gbé e. Ọmọ mi ní kí a dà á sínú kòtò àgbàrá, mo ní kó wò mí lójú kó tún un sọ, kò tún un sọ. Ẹ̀yìn ilé ni àwọn àpò náà wà títí di òní, lórí ọ̀rá tó nípọn, lábẹ́ páànù. Bí mo bá ti rí wọn, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Mo fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ àgbébọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ́ìlì tó kúrò lára rẹ̀. Mo mú un dání nínú aṣọ ìnura, àyà rẹ̀ ń lù kì kì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Bàbá bíríkìlà da kọnkéré tán, ó ní kí n há gbogbo wọn mọ́ fún ọjọ́ méje, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jó ẹsẹ̀ adìẹ. Wọ́n pariwo fún ọjọ́ méje náà. Lọ́jọ́ kẹjọ mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n dúró létí kọnkéré, wọ́n na ọrùn, àkùkọ àgbà fi ẹsẹ̀ kan kàn án, ó fi èkejì, ló bá fò sínú yanrìn àárín. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Eruku sọ.

Ọmọ mi kò tọrọ àforíjì ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé géètì nísinsìnyí, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ lé àwọn adìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wa mọ́tò wọlé. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mi ò tíì gba irọ́ yẹn mọ́ra, mo sì ti sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá wo iṣẹ́ náà. Àwọn kan nínú wọn wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ yìí, ìyàwó ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ kò dáa. Ẹnjiníà ti fi fọ́tò ojú ọ̀nà wa sí orí WhatsApp rẹ̀, pẹ̀lú yanrìn àti ìlà méjì, pẹ̀lú àkùkọ mi tó dúró gbọnin láàárín. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ pe òun. A ò mọ ìgbà tó dúró lẹ́nu géètì wa tó yà á. Mo pè é, fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo gbé ìborùn, mo lọ sí ìkángun òpópónà lọ fi han Bàbá bíríkìlà. Ó wò ó pẹ́, ó rọra dá fóònù padà fún mi, ó ní àkùkọ náà yọ dáadáa nínú fọ́tò. Òun kò bínú. Èmi ni mò ń bínú fún un, mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ pé ọwọ́ ta ló ṣe é.